Ìlú Tí Ó Yẹ Kí Ọmọ Ìbàdàn Fi Ọjọ́ Kan Bẹ̀ Wò

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ni ẹ bi wá léèrè ní ìpàdé tí ó kọjá pé, bí ọmọ wa kan bá ti ìlú òyìnbó dé, tàbí bí àlejò pàtàkì kan bá wọ̀ sọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí ọwọ́ rẹ̀ sì dilẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ìlú wo ni ó yẹ kí a mú un lọ, tí a ó jáde ní òwúrọ̀, tí a ó sì padà wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú? Ìbéèrè yìí dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹ rántí bí ariwo ti pọ̀ tó ní ọjọ́ náà, tí alàgbà kan fi dìde tìbínú-tìbínú, tí ó ká agbádá rẹ̀ lé èjìká, tí ó ní òun kò ní bá wa dá sí i mọ́. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ ṣe rán wa pé kí a lọ rò ó dáadáa, kí a sì wá sọ èrò wa. A ti rò ó. Ohun tí a rò nìyí.

Èkó ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sáré dárúkọ. A kò bá Èkó jà. Òkun wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀, àwọn ilé gíga wà níbẹ̀ tí ènìyàn ń wò títí tí fìlà yóò fi já bọ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ibùsọ̀ 80 ni ọ̀nà ńlá tí a ṣí ní 1978 láti ìhín dé ibẹ̀, àti àlọ àti àbọ̀ sì ni a ń sọ. A ti ṣe é rí. A kó àlejò mẹ́ta sínú mọ́tò ní Bẹẹrẹ kí àfẹ̀mọ́júmọ́ tó là, oòrùn sì ti dé àtàrí kí a tó wọ Èkó. Ẹ̀yìn ọkọ̀ agbépo ni a wò jù lọ ní ọjọ́ náà. A rí òkun fún bí ogún ìṣẹ́jú, a jẹun lórí ìdúró, a sì yí padà. Agogo mọ́kànlá òru ni a tó tún rí iná Ìbàdàn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ẹni tí a bí sí London, sì bi wá ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, kí ni a lọ wò gan-an?” A kò rí èsì fún un. Títí di òní ni ìbéèrè ọmọ náà ṣì ń dùn wá.

Àṣìṣe wa kò ju èyí lọ: a mú ẹni tí ó wà nínú èrò lọ sínú èrò tí ó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìbàdàn kì í ṣe abúlé. Bí ènìyàn bá dúró ní orí òkè Mapo, níwájú gbọ̀ngàn tí a ṣí ní 1929, yóò rí òrùlé páànù tí ó ti pọ́n láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, yóò rí ti Béyerunkà, yóò sì máa rí òmíràn lẹ́yìn wọn títí ojú yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó ti rí èyí ti rí ìlú ńlá. Ohun tí ọjọ́ kan lè fi kún un ni ìlú tí ó kéré ju tiwa lọ, èyí tí ẹsẹ̀ lè yí ká, tí ènìyàn lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kan fún wákàtí kan láì sí ẹni tí yóò fi fèrè mọ́tò lé e kúrò lójú ọ̀nà.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti mọ èyí tipẹ́. Ní ilẹ̀ Jàpáàn, ìlú Tokyo tóbi dé ibi tí ó fi jẹ́ pé ìlú díẹ̀ ní gbogbo ayé ni ó tó o. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ará Tokyo bá dilẹ̀ ní ọjọ́ kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kamakura, ìlú kékeré kan tí ó wà ní etí òkun, ní nǹkan bí ibùsọ̀ 30 sí wọn. Kí ni ó wà níbẹ̀? Ibẹ̀ ni ibùjókòó ìjọba àwọn jagunjagun wọn láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá títí di 1333. Agbára ti kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ilé ìsìn àtijọ́ àti ère idẹ ńlá kan kù, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì ń tò lọ wò wọ́n lọ́dọọdún. Ẹ fi ìlú yìí àti iye ibùsọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà kàn wọ́n.

Ó kù kí a yẹ àwọn ìlú tí ó yí wa ká wò.

Ìwó kò jìnnà sí wa. Ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Ìwó kọjá kí ó tó dé Òṣogbo ní 1907, ìlú náà sì lórúkọ fún ìmọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ẹni tí ó bá ní ẹbí tàbí àáfà níbẹ̀, kí ó lọ. Ẹni tí kò ní, ìlú náà yóò ṣòro fún un láti mọ̀ ní ọjọ́ kan, nítorí inú ilé ni ọrọ̀ Ìwó wà, kì í ṣe ní ìta. Ìjẹ̀bú-Òde ní tirẹ̀ rọrùn láti gbà nímọ̀ràn. Bí àlejò bá bá Iléyá pàdé lọ́dọ̀ wa, kí a má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí a mú un lọ sí Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta ọdún, kí ó rí àwọn ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ nínú aṣọ, kí ó rí àwọn ọmọ balógun lórí ẹṣin. Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún sì ni èyí.

Ìsẹ́yìn fà wá gidigidi. Kò sí ìjòyè kan níhìn-ín tí kò ní sányán tàbí ẹtù tàbí àlàárì nínú àpótí rẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti jókòó rí ti ẹni tí ń hun ún, tí ó ti wo bí ọ̀kọ̀ ti ń bọ́ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì? Ọ̀nà tí ó gba Mọ́níyà lọ síbẹ̀, nǹkan bí ibùsọ̀ 40, ni ìjọba tún ṣe lẹ́yìn 2019, ó sì dára ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà gba Ìjàyè kọjá, a kò sì lè dárúkọ Ìjàyè níhìn-ín kí a kàn máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Ní ọdún 1860 ni ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1862 ni àwọn baba wa fọ́ ìlú náà, Kúrunmí sì ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Ìlú tí ó tó Ìbàdàn í dojú kọ nígbà náà, ilé díẹ̀ ni ènìyàn ń rí nísinsìnyí láti inú mọ́tò. Àwa kò sọ pé kí a mú àlejò lọ síbẹ̀ fún ìran wíwò. Ohun tí a ń sọ ni pé, ọmọ Ìbàdàn tí ó bá ń gba ibẹ̀ lọ ra aṣọ òkè, kí àgbà kan tí ó wà nínú ọkọ̀ náà máa sọ ìtàn náà fún un bí ó ti rí, láì yọ apá tí kò dùn kúrò.

Abẹ́òkúta ni ó dù ú pẹ̀lú ìlú tí a yàn, ó sì kù díẹ̀ kí ó borí. Ẹ wo bí ó ti rọrùn tó. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ti Mọ́níyà lọ sí Èkó, ó sì ń dúró ní Abẹ́òkúta lójú ọ̀nà. Ènìyàn lè lọ láì dé ojú títì rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibùdókọ̀ náà wà lẹ́yìn ìlú, ó sì yẹ kí ẹni tí ń lọ kọ́kọ́ béèrè àsìkò tí ọkọ̀ àbọ̀ yóò gbéra kí ó má baà sùn sí ìta. Òkè Olúmọ wà níbẹ̀, tí ihò rẹ̀ fi ààbò bo àwọn Ẹ̀gbá. Ibẹ̀ ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní èdè Yorùbá ní 1859, èyí tí a ń pè ní ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin, lábẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ti dìde sí owó-orí títí Aláké fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Ọjà adìrẹ Ìtòkú sì wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá mú aya rẹ̀ lọ kí ó mú owó dání.

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí Abẹ́òkúta tí ó kan àwa ọmọ Ìbàdàn ju òkè àti adìrẹ lọ. Ilẹ̀ tí a jókòó lé lórí yìí, ìletò àwọn Ẹ̀gbá Gbágùrá ni kí àwọn ọmọ ogun tó pàgọ́ síbẹ̀ ní 1829. Ní 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá jáde kúrò láàárín wa, wọ́n sì lọ tẹ̀dó sí abẹ́ òkúta. Nígbà tí Ìjàyè sì fọ́, ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá kan náà ni àwọn tí ó yè sá lọ, ìdí nìyí tí àdúgbò kan fi ń jẹ́ Ìjàyè ní Abẹ́òkúta títí di òní. Ọmọ wa tí ó bá gun Olúmọ láì mọ èyí, òkúta lásán ni ó gùn. Nítorí náà a gbà pé kí Abẹ́òkúta jẹ́ ìbẹ̀wò kejì, kì í ṣe ìkíní. Kí ọmọ kọ́kọ́ mọ ilé tí ó ti wá, kí ó tó lọ kí aládùúgbò tí àwọn baba rẹ̀ bá jà.

Ọ̀yọ́ ni a yàn.

A mọ̀ pé ibi tí a dé yìí ni alàgbà wa ti ká agbádá lé èjìká. A fẹ́ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfìfo ni ó sọ. Ó ní àwọn baba wa jìyà púpọ̀ kí Ìbàdàn tó bọ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́. Òtítọ́ ni. Ní ayé Kápútẹ́nì Ross, ẹni tí ó jẹ́ Ajẹ́lẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ọ̀yọ́ títí di 1931, gbogbo ọ̀ràn Ìbàdàn ni a ń gbé lọ sí Ọ̀yọ́, àwọn Baálẹ̀ wa sì rí àbùkù. Ní 1934 ni a yà wá sọ́tọ̀, ní 1936 sì ni orúkọ Baálẹ̀ yí padà di Olúbàdàn. Ó wá bi wá pé, lẹ́yìn gbogbo èyí, ṣé àwa fúnra wa ni yóò kó àwọn ọmọ wa lọ dọ̀bálẹ̀ ní ojúde Ọ̀yọ́?

Ohun tí a rí ni pé, lórí àṣẹ, lórí ìdájọ́ àti lórí owó ìlú ni àwọn baba wa fi jà. Wọn kò jà pé àwọn kì í ṣe ọmọ Ọ̀yọ́. Baṣọ̀run tí Olúyọ̀lé jẹ́, láti ọ̀dọ̀ Aláàfin Àtìbà ni oyè náà ti wá. Nígbà tí Kúrunmí kọ̀ láti gba Adélù ní Aláàfin lẹ́yìn ikú Àtìbà ní 1859, apá Ọ̀yọ́ ni Ìbàdàn gbè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdíje àtijọ́ láàárín àwa àti Ìjàyè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, a kò sì gbọ́dọ̀ fi èyí pamọ́. Èdè tí a ń sọ níhìn-ín, ìlù tí ń kí ìjòyè wa bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ ní Mapo, ilà tí ó wà lójú àwọn baba wa, a kò dá wọn sílẹ̀ ní Ọjà'ba. A gbé wọn wá ni. Bí ó bá jẹ́ pé ìjòyè Ìbàdàn ni yóò wọ aṣọ oyè lọ sí Ọ̀yọ́, ọ̀ràn Olúbàdàn àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ni èyí, àwa kò sì ní fi ẹnu kan án. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ó mú ìwé àti pẹ́ńsùlù dání, àti àlejò tí ó fẹ́ mọ̀, wọn kò gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a tún sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ àlejò, àti ọ̀pọ̀ nínú wa pẹ̀lú, kò mọ̀. Ọ̀yọ́ tí a ń lọ kì í ṣe Ọ̀yọ́-Ilé. Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Aláàfin àtijọ́ ti jọba lórí ilẹ̀ ńlá, ti tú ní àárín 1830 sí 1840. Ahoro rẹ̀ wà ní apá àríwá lọ́nà jíjìn, nínú igbó ọba tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣọ́. Àgọ́-Ọjà ni ìlú tí Àtìbà wá sọ di Ọ̀yọ́ ní ìparí ọdún wọ̀nyẹn. Bí a bá sì fi ọdún ṣírò, Ìbàdàn ti di ìlú ogun kí Ọ̀yọ́ tuntun tó di ibùjókòó ọba. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí yọ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà náà ni Àtìbà di lẹ́rù wá láti ilé, oyè lóyè, ààfin láàfin, pẹ̀lú àwọn ayaba àti àwọn ìlàrí. Ọjọ́ ti lọ lórí ẹrù náà, ṣùgbọ́n a kò tíì tú u sọnù. Èyí ni ó mú kí a rántí Kamakura. Ó kan jẹ́ pé ní tiwa, ọba ṣì wà níbẹ̀.

A ó wá sọ bí ọjọ́ náà yóò ti rí. Ó lé díẹ̀ ní ibùsọ̀ 30 láti Ìbàdàn. Bí a bá gbéra ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ní iwájú Mapo, tí a gba Mọ́kọ́lá àti Sángo, tí a la Òjòó kọjá kí àwọn ọlọ́jà tó dí ọ̀nà, a ó ti kọjá Mọ́níyà kí oòrùn tó mú. Lẹ́yìn Fìdítì ni Ilọ́rà, lẹ́yìn Ilọ́rà ni Awẹ́, kò sì pẹ́ tí a ó fi wọ Ọ̀yọ́. Kí a má dúró ra ọsàn ní Fìdítì ní àlọ. Àbọ̀ ni a ó rà á, bí ó bá jẹ́ àsìkò rẹ̀, nítorí a ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fi omi ọsàn ba agbádá jẹ́ kí ó tó dé iwájú ọba.

Ààfin ni kí a kọ́kọ́ lọ. Níhìn-ín ni a ó ti jẹ́wọ́ ẹ̀bi wa. Ní ìgbà tí àwa kọ́kọ́ kó àlejò lọ, a kò fi ìwé ránṣẹ́ ṣáájú. A rò pé bí a bá ti dé, tí a sọ pé Ìbàdàn ni a ti wá, ilẹ̀kùn yóò ṣí. A jókòó sí ojúde títí di ọ̀sán, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni nínú yín tí yóò jẹ́ kí ogún àjèjì wọ ilé rẹ̀ ní òwúrọ̀ láìsọtẹ́lẹ̀? Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹni tí ó mọ ojú ààfin sì mú un lọ. Kí àwọn ọkùnrin ṣí fìlà, kí a bọ́ bàtà níbi tí a bá ti ní kí a bọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má sì na fóònù sí ènìyàn láti ya àwòrán kí a tó gba àṣẹ. Kí a fi àwọn kọ̀bì ààfin han àwọn ọmọ, kí a sọ fún wọn pé ní àtijọ́ kì í ṣe gbogbo ọba ni ó lè kọ́ irú rẹ̀. Bí onílù ààfin bá sì mọ ilé baba ẹni tí ó wà láàárín wa, tí ó fi ìlù pe orúkọ rẹ̀, kí ẹni náà mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe, kí ó má máa wo ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́.

Àwa tí a lọ ní ayé Ọba Làmídì Adéyẹmí Kẹta kò lè gbàgbé bí ìtàn ti ń dùn lẹ́nu wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n wàjà, lẹ́yìn tí wọ́n ti lo ọdún tí ó lé ní àádọ́ta lórí oyè, ìtẹ́ sì ṣófo títí a fi dé Ọba Akeem Owóadé ládé ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Àwọn ọmọ tí a ó kó lọ yóò bá ìjọba tuntun, wọn yóò sì lè sọ fún ọmọ tiwọn pé àwọn dé ibẹ̀ nígbà tí adé ṣì tutù.

Láti ojúde ààfin, ọjà Akẹ̀sán kò jìnnà. Iná jó o ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba sì tún un kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn afingbá ni kí a ti lo àkókò jù lọ, ibẹ̀ ni ọkàn wa sì wà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí a sọ bí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí a kò mọ̀ ọ́n kí a tó lọ. A ó rẹ igbá náà sínú omi títí inú rẹ̀ yóò fi rà, a ó ha á, a ó sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ, kí afingbá tó mú ọ̀bẹ kékeré tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Kò fi ohunkóhun sàmì sí i ṣáájú. Ọ̀bẹ náà ń lọ, igbá ń yí lórí itan rẹ̀, ọ̀nà ń jáde: alángbá, ẹyẹ, ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ó pàdé ara wọn ní ìdí igbá láì fi bí irun kan ṣì. Bí ọ̀bẹ bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, igbá náà di ti àgbo.

Bàbá afingbá kan tí a jókòó tì bi wá pé, “Ṣé ẹ wá wò ni, tàbí ẹ wá rà?” A ní a wá wò, a ó sì rà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àwọn tí ń wá wò pọ̀. Àwọn tí ń rà kò pọ̀. Èyí tí ó fẹ́ kọ́ ọ ni kò sí rárá.” Ó ní ọmọkùnrin mẹ́ta ni òun bí, ọ̀kan ń wa ọ̀kadà, ọ̀kan wà ní Èkó, ọ̀kan jẹ́ tíṣà. Kò bínú sí wọn. Ó ní bí òun bá wà ní ọjọ́ orí wọn, bóyá òun náà yóò wa ọ̀kadà, nítorí abọ́ ike ni àwọn ènìyàn ń fi ṣe ìyàwó nísinsìnyí. Ó sọ èyí láì gbé ojú kúrò lórí igbá. Àwa sì rántí ìgbéyàwó tí a ṣe ní Ìbàdàn níhìn-ín ní oṣù kan ṣáájú, tí àwa fúnra wa pín abọ́ ike fún àwọn àlejò, tí a kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sí i lára.

Nítorí bàbá yìí ni a kò ṣe fẹ́ kí ìbẹ̀wò náà jẹ́ ìran wíwò lásán. A gbé ohun méjì síwájú ẹgbẹ́. Èkíní ni pé kí olúkúlùkù tí ó bá lọ ra igbá kan, ó kéré tán, ní iye tí oníṣẹ́ bá pè é lẹ́yìn ìnájà tí kò ní ìwọ̀sí nínú. Èkejì ni pé kí a fi ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tí ọwọ́ wọn yá sí iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ lọ́dọ̀ afingbá fún gbogbo ọ̀sán, nígbà tí àwọn yòókù bá ń lọ káàkiri, kí a fún un ní owó ìkọ́ni, kí wọ́n gé ọwọ́ ara wọn díẹ̀, kí wọ́n mọ̀ bí ó ti rí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ padà ní àsìkò ìsinmi, kí ẹgbẹ́ sanwó ọkọ̀ rẹ̀. Akápò wa ń mi orí. A rí i. Owó epo tí a sun lọ sí Èkó ní ọjọ́ tí a kàn yìí ìbá ti san án fún ọdún kan.

Ní ọ̀sán, lẹ́yìn oúnjẹ, kí a lọ sí ọgbà tí ó jẹ́ ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew tẹ́lẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1896, tí ó di Yunifásítì Ajayi Crowther ní 2005. D. O. Fágúnwà kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ọkùnrin mìíràn ni a fẹ́ kí a jókòó sí abẹ́ igi níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ilẹ̀ Sàró ni a bí Samuel Johnson sí ní 1846. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ bá Hinderer wá sí Ìbàdàn, ní Kúdẹtì, ó sì di olùkọ́ ní Arẹ̀mọ. Nígbà ogun Kírìjì, òun wà nínú àwọn tí ń lọ tí ń bọ̀ láàárín ibùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀ láti wá àlàáfíà, títí a fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886. Lẹ́yìn èyí ni ó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ni ó sì ti parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ó fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, ìwé náà sì sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́. Ó kú ní 1901 láì rí i. Obadiah arákùnrin rẹ̀, oníṣègùn, ni ó tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, ọdún 1921 ni ó sì tó jáde. Gbogbo ohun tí a ti sọ nípa Àtìbà àti Kúrunmí ní òní, ọ̀pọ̀ rẹ̀ la rí nínú ìwé ọkùnrin yìí, ẹni tí ó mọ Ìbàdàn bí ilé tí ó sì kọ̀wé ní Ọ̀yọ́. Kò sí ẹni tí ó bi í pé èwo nínú ìlú méjèèjì ni tirẹ̀.

Agogo mẹ́rin ni kí a yí padà, kí a ra ọsàn ní Fìdítì, kí a sì wọ Ìbàdàn nígbà tí a ṣì lè rí Mapo lójú mọ́mọ́.

Bí ìpàdé bá fi ọwọ́ sí i, Sátidé kejì nínú oṣù tí ń bọ̀ ni a dábàá. Ọmọ ogún ni ọkọ̀ kan lè gbà pẹ̀lú àgbà mẹ́rin, kí olúkúlùkù agbo-ilé tí ó bá fẹ́ fi orúkọ ọmọ kan péré sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Àwa ti fi ìwé ààfin sílẹ̀ ní kíkọ, ó ku ìfọwọ́sí. A sì bẹ alàgbà wa tí ó bínú pé kí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àgbà mẹ́rin náà, nítorí òun ni ó mọ ìtàn 1934 ju gbogbo wa lọ, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ tí yóò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kí a tó dé Awẹ́.